Gíga Tí Ojú Rí, Gíga Tí Òfin Mọ̀: Bí Géèmù Ọgbọ́n Ogun Ṣe Di 3D

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù máa ń bi mí ní yunifásítì: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé laptop mi yìí lè gbé 3D báyìí?” Ìbéèrè ni èmi náà máa ń fi dá wọn lóhùn: 3D wo?

Nítorí pé 3D méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí ojú ń rí: ilé tó ga, òkè tó dà bíi pé a lè gùn ún, kámẹ́rà tó ń yí. Èkejì ni èyí tí òfin géèmù mọ̀: nọ́ńbà kan tó sọ fún kọ̀ǹpútà pé ibí yìí ga ju ibẹ̀ lọ, àti ohun tí gíga yẹn máa yí padà nínú ìjà. Èkíní ló ń jẹ agbára ẹ̀rọ. Èkejì, ìwé àti bírò lè gbé e. Ibi tí mo ti rí i pé ìyàtọ̀ méjèèjì hàn kedere jù ni àwọn géèmù ọgbọ́n ogun tó jáde lórí ẹ̀rọ géèmù inú ilé láàárín ọdún 1995 sí 1998. Ẹ jẹ́ ká jọ tú wọn wò.

Irú géèmù wo là ń sọ?

Ẹ fojú inú wo ayò ọlọ́pọ́n. O ta tìrẹ, mo ta tèmi, ẹnikẹ́ni ò sáré. Ọ̀ta kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Ẹni tó lè ka ohun tó ń bọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù tí wọ́n ń pè ní tactical RPG ṣe rí. Ojú ogun pín sí táìlì táìlì bí ilẹ̀ pálọ̀. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan dúró lórí táìlì tirẹ̀, ẹni tó bá kàn ló máa rìn, tàbí kó jà, tàbí kó pe ọfọ̀. Àwọn ọmọ ogun yìí ní orúkọ, wọ́n ní ìtàn, bí wọ́n bá sì ṣe ń jà ni wọ́n ń lágbára sí i.

Ní Jàpáànì, Fire Emblem àkọ́kọ́ jáde lórí Famicom lọ́dún 1990, Shining Force sì jáde lórí Mega Drive lọ́dún 1992. Ilẹ̀ pẹlẹbẹ ni àwọn méjèèjì ń lò. Nọ́ńbà méjì ti tó láti mọ ibi tí ọmọ ogun wà: x fún òsì sí ọ̀tún, y fún òkè sí ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, igbó àti òkè máa ń fa ẹsẹ̀ èèyàn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwòrán òkè lásán ni. Kò sí nọ́ńbà tó sọ bó ṣe ga tó.

Lọ́dún 1995, ilé-iṣẹ́ Quest gbé Tactics Ogre jáde lórí Super Famicom. Yasumi Matsuno ló darí iṣẹ́ náà. Nínú géèmù yìí, táìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kẹta: gíga. Ẹni tó wà lókè ní àǹfààní lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń ta ọfà á sì kọ́kọ́ wá òrùlé tó máa gùn.

Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí o: àwòrán rẹ̀ kì í ṣe 3D rárá. Àwòrán pẹlẹbẹ ni wọ́n yà ní ìdáwọ́lẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tò ó lé ara wọn kó lè dà bíi pé ó ga. Òfin géèmù ti mọ gíga kí ojú tó rí 3D gidi. Ìṣòro tó kù ni pé ẹ ò lè yí ilẹ̀ náà. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ilé, ẹ̀yìn ilé náà ló máa wà.

Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn

Ní Jàpáànì, Sega Saturn jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1994. PlayStation ti Sony tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún kan náà. Àwọn méjèèjì lè ya 3D gidi: Saturn ń fi onígun mẹ́rin ya tirẹ̀, onígun mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ ti PlayStation.

Ẹ jẹ́ ká wo PlayStation dáadáa. Aago inú rẹ̀ ń lù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. RAM rẹ̀ jẹ́ 2 MB, 1 MB mìíràn sì wà fún àwòrán. Tí fóònù yín bá ní RAM 4 GB, ìlọ́po 2048 RAM PlayStation ló wà lápò yín yẹn. Yàtọ̀ sí pé ó kéré, ẹ̀rọ náà ní ìṣòro mẹ́ta.

Ìṣòro kìíní: kò ní apá tó ń ṣe ìṣirò nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì, bíi 3.75. Báwo ló ṣe wá ń yí nǹkan nínú 3D? Ẹ rántí náírà àti kọ́bọ̀. Dípò ₦3.75, ẹ lè kọ 375 kọ́bọ̀. Pọ́ìntì ti lọ, owó kò yí padà. Apá kan wà nínú PlayStation tó ń jẹ́ GTE, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìṣirò 3D. Nígbà tó bá ń yí nǹkan, “kọ́bọ̀” tirẹ̀ ni pé 4096 dúró fún 1. Ìdajì á di 2048, ìdámẹ́rin á di 1024. Nọ́ńbà odindi ló ń lò látòkèdélẹ̀.

Ìṣòro kejì: kò ní mẹ́mọ́rì tó ń rántí ohun tó wà níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á to gbogbo onígun mẹ́ta láti èyí tó jìnnà jù dé èyí tó sún mọ́ jù, wọ́n á sì yà wọ́n tẹ̀ léra. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń lẹ pósítà lé pósítà lásìkò ìbò, àbí? Èyí tí wọ́n lẹ̀ kẹ́yìn lojú ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ìṣòro kẹta: nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lẹ àwòrán òkúta tàbí koríko mọ́ onígun mẹ́ta, kì í ro ti bí igun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí. Ó kàn ń pín àwòrán náà dọ́gba dọ́gba láti igun kan dé èkejì ni. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi máa ń wọ́, tó máa ń gbọ̀n rìrì, nínú ọ̀pọ̀ géèmù PlayStation tí ọ̀nà wọn ń lọ jìnnàjìnnà.

Ilẹ̀ di 3D, èèyàn ṣì pẹlẹbẹ

Pẹ̀lú ẹ̀rọ báyìí, kí ló yẹ kí èèyàn ná agbára lé lórí? Ẹ wo ohun tí géèmù mẹ́ta ṣe. Konami gbé Vandal Hearts jáde lórí PlayStation lọ́dún 1996. Square gbé Final Fantasy Tactics jáde lórí PlayStation ní Jàpáànì ní oṣù kẹfà ọdún 1997, ó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1998. Matsuno tó ti kúrò ní Quest ló darí òun náà. Camelot sì ṣe apá kìíní Shining Force III fún Saturn, ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1997. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, ìpinnu kan: wọ́n fi 3D gidi ṣe ilẹ̀, wọ́n sì fi àwọn èèyàn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán pẹlẹbẹ tó dúró lórí rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ogun méjì bá dojú kọ ara wọn ni Shining Force III máa ń gbé kámẹ́rà sún mọ́ wọn, tí àwọn náà á di 3D.

Ìpinnu yìí mọ́gbọ́n dání. Onígun mẹ́ta méjì ti tó láti ṣe ojú táìlì kan. Èèyàn ní orí, apá, ẹsẹ̀, ìka. Ẹ máa kó onígun mẹ́ta jọ títí, síbẹ̀ á kéré lójú tẹlifíṣọ̀n débi pé ẹnikẹ́ni ò ní rí iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Àwòrán tí ọwọ́ yà dáadáa á sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn tí Akihiko Yoshida yà fún Final Fantasy Tactics, ẹ wò wọ́n dáadáa: wọn ò nímú! Síbẹ̀ ẹ máa mọ ẹni tínú ń bí àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Báwo wá ni èèyàn pẹlẹbẹ ṣe ń gbé lórí ilẹ̀ 3D láìfọ́ lójú? Àwòrán náà máa ń kọjú sí kámẹ́rà ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ya iwájú, wọ́n ya ẹ̀yìn, wọ́n sì dojú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé bíi pé inú dígí lẹ ti ń wò ó. Méjì di mẹ́rin, ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pé. Tí ẹ bá yí kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà á kàn pààrọ̀ àwòrán.

Yíyí yẹn gan-an, mátíìsì rẹ̀ kò le. Tí ilẹ̀ bá yí ní 90 dígíríì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ohun tí x rẹ̀ jẹ́ 3 tí y rẹ̀ jẹ́ 1 á bọ́ sí ibi tí x jẹ́ 1, tí y jẹ́ −3. Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà méjèèjì, kí ẹ yí àmì ọ̀kan padà. Ó tán. Gíga ńkọ́? Kò yí padà rárá. Òkè tó ga ní 5 ṣì ga ní 5, ibi yòówù kí ẹ dúró sí wò ó.

Ẹ̀bùn mìíràn tún wà nínú bí wọ́n ṣe gbé kámẹ́rà Final Fantasy Tactics kalẹ̀. Ilẹ̀ ogun rẹ̀ dà bí àwòṣe kékeré tí wọ́n gbé ka orí tábìlì: táìlì tó jìnnà àti táìlì tó sún mọ́ tóbi bákan náà. Ẹ padà sí ìṣòro kẹta tí mo sọ lókè. Tí jíjìnnà kò bá sọ nǹkan di kékeré, pípín àwòrán dọ́gba dọ́gba kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Ìdáhùn tó péye ni. Ohun tó jẹ́ àléébù ẹ̀rọ nínú géèmù ọkọ̀ ìsáré kò rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ níbí. Mo fẹ́ràn èyí gan-an: wọn ò tún ẹ̀rọ náà ṣe, ibi tí wọ́n dúró wò ó ni wọ́n yàn dáadáa.

Nígbà tí gíga di òfin

Nínú Final Fantasy Tactics, ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì fún ẹsẹ̀. Move ni iye táìlì tó lè rìn. Jump ni ìyàtọ̀ gíga tó lè fò láàárín táìlì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo táìlì márùn-ún tó wà lórí ìlà kan, tí gíga wọn jẹ́ 0, 1, 2, 5, 5. Ẹni tí Move rẹ̀ jẹ́ 4, tí Jump rẹ̀ jẹ́ 3, á bẹ̀rẹ̀ láti èkíní, á dé ìkarùn-ún. Ẹni tí Jump rẹ̀ jẹ́ 2 á dúró lórí ìkẹta, nítorí láti 2 sí 5 jẹ́ 3. Ilẹ̀ kan náà ni, ìgbésẹ̀ kan náà ni, àmọ́ ọ̀kan rí ọ̀nà, ìkejì rí ògiri.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ gbogbo ibi tí èèyàn lè dé? Ọ̀nà kan wà tó rọrùn, wọ́n ń pè é ní breadth-first search. Ẹ fi wé epo tó kán sí aṣọ tó ń ràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táìlì tí ọmọ ogun wà, ẹ kọ 0 síbẹ̀. Gbogbo táìlì tó fara kàn án tí Jump rẹ̀ gbé, ẹ kọ 1. Láti ibi tí 1 wà, gbogbo èyí tí ẹ ò tíì kọ nǹkan sí tí Jump gbé, ẹ kọ 2. Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé iye Move. Ibi tí nọ́ńbà bá wà ni ẹsẹ̀ lè dé.

Lórí ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú, ẹni tí Move rẹ̀ jẹ́ n lè dé táìlì tí iye wọn jẹ́ 2 × n × (n + 1), láìka èyí tó dúró lé. Move 3 á fún un ní 24, Move 4 á fún un ní 40, Move 5 á fún un ní 60. Ẹ rí i pé Move kan ṣoṣo tó lé kì í ṣe nǹkan kékeré. Bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo tó ga ju Jump lọ lè gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ibi tí èèyàn kọjú sí tún ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá kọlù yín láti iwájú, ọgbọ́n yíyẹra tí iṣẹ́ ọmọ ogun yín fún un á ṣiṣẹ́, asà náà á ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀gbẹ́, ọgbọ́n yẹn ti lọ, asà ṣì ń gbìyànjú. Láti ẹ̀yìn, asà náà ò wúlò mọ́. Ibí ni kámẹ́rà tó ń yí ti wá di ohun ìjà: kì í ṣe kí ilẹ̀ lè lẹ́wà ni ẹ ṣe ń yí i, ẹ ń wá ẹ̀yìn ọ̀tá tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ni. 3D tí ojú rí àti 3D tí òfin mọ̀ ti wá pàdé.

Ta ló kàn?

Nínú géèmù yìí, kì í ṣe pé ẹgbẹ́ kan á ta tán kí èkejì tó ta. Ẹ fojú inú wo garawa kan níwájú ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, omi ẹ̀rọ ń dà sí i. Bí omi ṣe ń yára tó ni Speed, ohun tó wà nínú garawa ni CT. Tí CT bá ti pé 100, ó kàn án.

Ẹni tí Speed rẹ̀ jẹ́ 8 á kún ní ìdà kẹtàlá, nítorí 8 × 13 jẹ́ 104. Ẹni tí Speed rẹ̀ jẹ́ 6 á dúró dé ìdà kẹtàdínlógún, nítorí 6 × 17 jẹ́ 102. Ọgbọ́n wá wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá rìn tó sì tún jà, 100 á dànù nínú garawa rẹ̀, á ku 4, á tó ìdà 12 kó tó tún kàn án. Tó bá ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, 80 ló máa dànù, á ku 24, ìdà 10 ti tó. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, 60 péré ló dànù, á ku 44, ìdà 7 á sì gbé e padà.

Ẹ rí i? Òfin náà ń san owó fún sùúrù. Ọfọ̀ pàápàá ní ìyára tirẹ̀: ẹ lè pè é lé orí ọ̀tá lónìí, kí ọ̀tá náà rìn wọ àárín àwọn èèyàn yín kí ọfọ̀ tó balẹ̀. Ẹ mọ ibi tó máa balẹ̀ sí.

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Square Enix gbé Final Fantasy Tactics jáde lákọ̀tun, wọ́n sọ ọ́ ní The Ivalice Chronicles. Àwọn tó ṣe é sọ pé kóòdù àkọ́kọ́ ti ọdún 1997 kò sí mọ́. Ó di dandan kí wọ́n tún un kọ. Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣebí díìsìkì géèmù náà wà káàkiri ayé? Ó wà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí díìsìkì dà bí àkàrà tó ti jinná. Ẹ lè tọ́ ọ wò kí ẹ mọ̀ pé ata àti àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè dá a padà sí ẹ̀wà. Kóòdù tí èèyàn lè kà ni ẹ̀wà yẹn.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé tún kọ? Ohun kan tí mo rò pé ó ràn án lọ́wọ́ ni pé òfin rẹ̀ ṣeé mọ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn tó ń ta géèmù náà ti wò ó fínnífínní, tí wọ́n kọ àwọn òfin rẹ̀ sílẹ̀: 100, 80, 60, Move, Jump, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn. Àwọn tí mo kọ sókè yìí ò gbà ju ojú ìwé díẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù nílé ìwé, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ sì kọ àlàyé tí ẹlòmíì lè kà tì í. Ibi mẹ́ta ni mò ń tọ́jú tèmi sí.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú ìwé oníkọ́lá tí ẹ fi ń ṣe mátíìsì, kí ẹ kọ gíga táìlì mẹ́rìndínlógún yìí sí i:

0 0 1 4
0 1 2 4
0 3 2 2
0 5 5 3

Ọmọ ogun yín dúró sí igun òsì lókè, Move rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ jẹ́ kí epo ràn. Táìlì mélòó ló lè dé tí Jump rẹ̀ bá jẹ́ 1? Tó bá jẹ́ 3 ńkọ́? Ẹ má wo ìlà tó kàn o, ẹ kọ́kọ́ ṣe é.

Jump 1 á fún un ní 8. Jump 3 á fún un ní 12, iye tí ì bá dé gẹ́lẹ́ ká ní gbogbo ilẹ̀ náà tẹ́jú. Tí ẹ bá ti rí 8 àti 12, ẹ ti ṣe 3D nìyẹn, láìtan laptop rárá. Kí ẹ wá yí ìwé náà ní 90 dígíríì, kí ẹ tún un kà. Ìdáhùn kò ní yí padà.